Ìjàpá Fẹ́ Gba Dísìkì: Ẹ Ṣe Èyí, Ẹ Má Ṣe Tọ̀hún

Ọdún 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Beetle tí à ń pè ní Ìjàpá l'Ékòó, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ náà sì ń kùn ún, wọ́n ń gùn ún títí dòní. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ èèyàn lẹ́nu. Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Bí dúrọ́ọ̀mù bá gbóná, ṣe ló ń fẹ̀ sí i, tí á máa sá fún láíníìnì. Bí omi òjò bá wọ inú rẹ̀, kì í tètè jáde. Ìta gbangba ni bíréèkì dísìkì wà ní tirẹ̀: afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, yíyí tó ń yí sì ń da omi nù. Volkswagen alára ló fi dísìkì sí iwájú Ìjàpá 1500 ní Jámánì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì la fẹ́ gbé kọ́ ọkọ̀ yìí lára. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má rò pé dísìkì nìkan lẹ ń pààrọ̀. Láti pẹ́dálì títí dé táyà ni iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ tún dúrọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n ní kò ní bíréèkì, ìtọ́jú ni kò rí. Dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í sún láíníìnì mọ́ra fúnra rẹ̀; ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ ki sikirudíráfà bọ ihò, kó yí irin eléyín tó wà nínú rẹ̀ títí láíníìnì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dúrọ́ọ̀mù. Mélòó nínú wa ló ń ṣe é? Ẹ ṣe é, ẹ pààrọ̀ wíìlì sílíńdà tó bá ń jò, kí ẹ wá gun ọkọ̀ náà wò. Ẹni tí kì í gbé e kọjá ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìnáwó àdúgbò lè má nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Èfọ̀n Aláayè, tàbí tó ń bá tírélà rìn lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kó ra dísìkì.

Ẹ mọ irú iwájú tí ọkọ̀ yín ní kí ẹ tó náwó. Èyí tó ṣáájú oṣù Kẹjọ 1965, kíńgì pínnì ló ń lò. Lẹ́yìn ìgbà náà, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ni. Nígbà tó di 1970, Ìjàpá 1302 dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì gbọọrọ tó dúró ṣánṣán níwájú. Ohun èlò ọ̀kan kì í wọ èkejì. Ẹ ka ihò ríìmù pẹ̀lú: ti oníhò márùn-ún, àyíká tí ihò náà tò sí fẹ̀ tó 205 mm, ti oníhò mẹ́rin, 130 mm. Abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ìwé rẹ̀, torí kò ṣọ̀wọ́n kí Ìjàpá kan ti gba iwájú òmíràn láàárín àádọ́ta ọdún.

Ẹ má ṣe fi dísìkì sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ń tajà lè sọ fún yín pé mẹ́rin sàn ju méjì lọ. Ẹ má gbà fún un. Ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 900 kg lọ ni Ìjàpá. Bí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo yẹn á rọ́ síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bí bíréèkì ẹ̀yìn bá wá lágbára jù, táyà ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ há, ìdí ọkọ̀ á sì gbá yí. Lójú títì tó tutù, ìyẹn tó láti pààyàn. Dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn yìí kan náà ló tún ń ṣiṣẹ́ háńbíréèkì, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Owó dísìkì ẹ̀yìn, ẹ fi ra họ́ọ̀sì àti páìpù tuntun.

Ẹ má ṣe lo máásítà àtijọ́, ìyẹn sílíńdà tí pẹ́dálì ń tì láti fi ọ́ìlì ránṣẹ́ sí bíréèkì, pẹ̀lú dísìkì. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Nínú máásítà tí wọ́n ṣe fún dúrọ́ọ̀mù, fáàfù kékeré kan wà tó ń há ìwọ̀nba agbára mọ́ inú páìpù lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dálì. Dúrọ́ọ̀mù lè gbà á, nítorí sípíríǹgì líle ló ń fa láíníìnì rẹ̀ padà. Kálípà, ìyẹn irin tó ń fi páàdì fún dísìkì mọ́ra, kò ní irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tó yí písítìn ká ló ń fà á sẹ́yìn, bín-ín-tín báyìí. Agbára tó há sínú páìpù yóò wá máa ti páàdì mọ́ dísìkì láìdáwọ́ dúró. Ọkọ̀ á wúwo lọ́nà, epo á máa tán, dísìkì á gbóná, ọ́ìlì á hó, pẹ́dálì á sì rì lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù lọ.

Máásítà tí wọ́n ṣe fún dísìkì níwájú àti dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ni kí ẹ béèrè. Bó bá jẹ́ Ìjàpá àtijọ́ tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ ra ọlọ́nà méjì, kó lè jẹ́ pé bí iwájú bá jò, ẹ̀yìn á ṣì dá ọkọ̀ dúró. Ẹ fi àlàfo 1 mm sáàárín ọ̀pá pẹ́dálì àti písítìn máásítà. Láìsí àlàfo yẹn, ọ́ìlì kò ní ráyè padà sínú ìgò rẹ̀, bíréèkì á sì máa di ara rẹ̀ mú.

Ẹ má ṣe ra tòkunbọ̀ fún ohun tó jẹ́ rọ́bà. Kálípà tòkunbọ̀ láti ọjà Ládìpọ̀ kò burú bí ẹni tó mọṣẹ́ bá tú u, tó fọ̀ ọ́, tó sì pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Họ́ọ̀sì àti páàdì, tuntun ni. Họ́ọ̀sì tó ti gbó máa ń wú sínú: ọ́ìlì á wọlé, kò ní lè padà. Nọ́ọ̀tì páìpù Ìjàpá, ti mìlímítà ni. Èyí tó bá jẹ́ ti íǹṣì, ẹ má fi agbára dè é.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ ekuru dúrọ́ọ̀mù. Láíníìnì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, asbestos sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ló ń fà á símú, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè kọjá kí àrùn tó yọjú. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ín, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ tó jù ú nù. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ dákun, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n.

Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e.

Ẹ rántí pé òdì ni nọ́ọ̀tì bẹ́áríìnì ẹsẹ̀ òsì iwájú ń yí. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa yí i sí láti tú u, ọwọ́ òsì láti dè é. Inú ibẹ̀ náà ni wáyà tó ń ka ìsáré ọkọ̀ gbà, ẹ rí i pé ìdérí tuntun ní ihò fún un. Ẹ má sì di bẹ́áríìnì pa: wáṣà ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ṣì lè yẹ̀ bí ẹ bá fi ẹnu sikirudíráfà tì í.

Ẹ fọ dísìkì tuntun kí ẹ tó fi páàdì sí i. Ọ̀rá ni wọ́n fi ń pa á kó má baà dípẹtà. Sípíríìtì ni kí ẹ lò, kì í ṣe kẹrosíìnì.

Ẹ wo ibi tí bọ́ọ̀tù ìtúfẹ́fẹ́ kálípà kọjú sí. Òkè ló gbọ́dọ̀ wà. Bó bá kọjú sílẹ̀, ẹ ti gbé ti ọ̀tún sí òsì, afẹ́fẹ́ kò sì ní jáde láéláé.

Ẹ má ṣe lo ọ́ìlì bíréèkì tó ti wà ní ṣíṣí tipẹ́. Ó máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Bó bá ti mumi, ó lè hó ní 155°C. Ẹ má da DOT 5 pọ̀ mọ́ DOT 3 tàbí DOT 4. Ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, rọ́bà ló ń bà jẹ́. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá ta sára ọ̀dà, ẹ yára fi omi ṣàn án.

Ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù lọ: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Bí pẹ́dálì bá ṣì ń wọlé jù, ẹ tún láíníìnì ẹ̀yìn sún mọ́ra kí ẹ tó dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi.

Ẹ má ṣe gbé e bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ tẹ pẹ́dálì léraléra títí yóò fi le, kí ọkọ̀ tó yí ẹsẹ̀ kan. Ẹ yí ìdarí dé òpin lọ́tùn-ún lósì, ẹ wò ó bóyá họ́ọ̀sì ń fà tàbí táyà ń ha ara ọkọ̀, torí àwọn ohun èlò mìíràn máa ń ti táyà síta díẹ̀. Ẹ wá wá ojú ọ̀nà tó dá: ẹ sáré dé 50 km/h, ẹ rọra tẹ bíréèkì títí yóò fi kù sí 10, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún un ṣe ní bí ìgbà mẹ́wàá kí páàdì lè jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sún ọwọ́ mọ́ ríìmù iwájú méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ dáadáa, kálípà rẹ̀ ń há. Ilé ni kí ẹ dá a padà sí. Bí wọ́n bá rí bákan náà, ẹ gùn ún dé 100 km, ẹ tún gbé e sókè, ẹ wo gbogbo ojú ibi tí páìpù ti so bóyá ọ́ìlì ń rin, kí ẹ sì tún bọ́ọ̀tù táyà dè.