Ẹ̀KỌ́ KEJE: ÌRÀWỌ̀ RẸ́MỌ

Ní ọdún 2004 ni a dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan sílẹ̀. FC Dender ni orúkọ rẹ̀, orúkọ tí kò bá ilẹ̀ wa tan. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní 2010, ó di Remo Stars, èyíinì ni Ìràwọ̀ Rẹ́mọ. Ìkẹ́nnẹ́, ìlú kékeré ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ilé rẹ̀ báyìí.

Ní 2023, ó ṣe ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà. Ní 2024, ipò kejì náà ni. Wọn kò sọ̀rètí nù. Ní 2025, wọ́n gba ife!

Ẹ̀yin ará Àlàbá, bọ́ọ̀lù òkè òkun ló kún inú tẹlifíṣọ̀n tí ẹ̀ ń tà. Ẹ máa wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ti ilé.

Ìbéèrè
1. Kí ni orúkọ ẹgbẹ́ yìí tẹ́lẹ̀?
2. Ẹ kọ orúkọ ìlú yín sílẹ̀.