Omi Tó Ń Ṣàn Jáde Látinú Ọgbà Ìjọ

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé ìwọ ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ìkórè ọdún yìí. Inú mi dùn dénú. Ọlọ́run tó gbé iṣẹ́ náà lé ọ lọ́wọ́ yóò fún ọ ní ọgbọ́n tí wàá fi ṣe é yọrí. Bàbá rẹ ní o ti rí akọrin, o ti rí alásè, o sì ti sanwó kánọ́pì. Gbogbo rẹ̀ dára. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá ti lọ tán ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí, nítorí n kò rí i kí ìgbìmọ̀ kankan fi í sínú ètò rí.

Lọ́jọ́ kejì ìkórè tó kọjá, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Gọ́tà tó ti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná lọ sí odò ìsàlẹ̀ yẹn ti kún dé ẹnu. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló pọ̀ jù níbẹ̀, omi ṣì wà nínú àwọn mìíràn nítorí ẹni tó fi eyín ya á kò mu ún tán. Abọ́ funfun tí a bu jọ̀lọ́ọ̀fù sí wà níbẹ̀. Àpò tí a fi pín ẹ̀bùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, orúkọ ìjọ wa sì hàn ketekete lára rẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Omi tí kò rí ọ̀nà gbà ti yà sí àgbàlá obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́yìn ọgbà wa. Kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ó ń fi abọ́ gbọ́n omi kúrò nínú yàrá rẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí mi.

Olúwa ní kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa. Ẹni tí omi gọ́tà wa ń ṣàn lọ bá nílé ni mo kọ́kọ́ kà sí ọmọnìkejì náà.

Ọmọ Ìbàdàn ni wá, a kì í fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Ọjọ́ Ìsinmi ni 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 bọ́ sí, lọ́jọ́ tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀: afárá já káàkiri ìlú, ẹ̀mí tó lé ní 100 tún lọ. Òjò pọ̀ lóòótọ́ nígbà méjèèjì. Síbẹ̀, pàǹtí tí a ń dà sódò àti ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi wà lára ohun tó sọ òjò di àjálù. Bí a bá ń gbààwẹ̀ kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ mọ́, ó yẹ kí ọwọ́ ìjọ mọ́ nínú rẹ̀.

Má dá agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́bi. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ó ti dàgbà, a kò sì fi ibi tí yóò da ìdọ̀tí sí hàn án. Rántí ohun tí Jésù ṣe lẹ́yìn tó bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin. Kò jẹ́ kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣa ohun tó ṣẹ́ kù, agbọ̀n 12 ló sì kún. Àwọn àpọ́sítélì gan-an ló bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ṣà á. Nítorí náà, kí ìwọ àti ìgbìmọ̀ rẹ wà lára àwọn tí yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn yín, kí àwọn ọmọdé rí yín.

Abọ́ táńganran àti kọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ àwọn ìyá wà ní títì mọ́ yàrá ẹrù. Ẹ kó wọn jáde. Ẹ fi kúlà ńlá gbé omi mímu kalẹ̀ dípò píọ̀ wọ́tà. Ọ̀rá tó bá ṣì wọlé, kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kó o sínú àpò, àwọn tó ń fi ìwọ̀n ra ọ̀rá yóò wá gbé e, owó rẹ̀ á sì wọ àpò ẹgbẹ́ wọn. Ẹ gbẹ́ kòtò ajílẹ̀ fún èèpo iṣu àti ewé. Ẹ má ṣe sun ọ̀rá o, ọmọ ọwọ́ wà nítòsí. Ní ti súpíkà àti jẹnẹrétọ̀, ẹ má kọ wọ́n sí fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ká mi lára jù ni èyí: wọ́n ní owó ìkórè ni ẹ fẹ́ fi tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì sí gbogbo ọgbà, pé ẹ ó gé igi mángòrò méjèèjì. Ilẹ̀ tí ẹ bá bò kò ní mu omi mọ́, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ yẹn ni gbogbo rẹ̀ yóò yà sí. Òfin Mósè kò gbà kí ọmọ ogun gé igi eléso, kódà nígbà tó bá dó ti ìlú. Wo àwọn ìjọ mìíràn: ní àríwá Etiópíà, lágbègbè adágún Tana, àyíká ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú igbó tó ṣẹ́ kù wà, torí àgbẹ̀ ti ro ilẹ̀ yòókù. Nígbà tí màlúù ń jẹ ọ̀gbìn igi, Alemayehu Wassie, onímọ̀ igbó tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, bá àwọn àlùfáà jíròrò, àwọn ọmọ ìjọ sì fi òkúta inú oko wọn mọ ògiri yí igbó náà ká. Ní Masvingo lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, àwọn ìjọ tó jọ ti Aládùúrà wa para pọ̀ lọ́dún 1991, wọ́n so igi gbígbìn mọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Nígbà náà, ẹni tó gé igi láìgbin òmíràn máa ń jẹ́wọ́ rẹ̀ kó tó jẹ àkàrà. Ẹ tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì sí ọ̀nà mọ́tò nìkan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ilẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀run là ń lọ, kí ló kàn wá. Má bá wọn jiyàn. Dọ̀bálẹ̀, kí o sì rán wọn létí pé ọgbà ríro àti ṣíṣọ́ ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run kọ́kọ́ fún Ádámù, kí ẹ̀ṣẹ̀ tó dé rárá. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti gbà, àwọn bàbá yóò gbà.

Kúlà ńlá mẹ́ta wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n ṣì dára. Rán ẹnì kan wá kó wọn kí ọjọ́ tó sún mọ́lé, kí o sì jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ igi mángòrò bá já sí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Màmá Òkè-Àdó