Bí A Ṣe Ń Dá Paramọ́lẹ̀ Oníwo Mọ̀ Nínú Iyanrìn Sàhárà

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí atẹ́gùn tó gbá ilẹ̀. Ẹ má tíì wá ejò. Ipa rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Paramọ́lẹ̀ oníwo kì í sábà wọ́ tuurutu lórí iyanrìn. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn: á gbé ara sókè, á jù ú síwájú, á tún gbé e. Ìdí nìyẹn tí ipa rẹ̀ kì í fi so pọ̀. Ilà dídàgẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilà lẹ máa rí, àlàfo á sì wà láàárín wọn.

Ojú ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀lé e, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ wo ìdí igi kúkúrú àti koríko, níbi tí alángbá àti eku ń gbà kọjá. Ẹ má retí ejò gbalaja o! Paramọ́lẹ̀ ni Yorùbá ń pe irú rẹ̀, ọmọ Sàhárà yìí ló sì jẹ́ orúkọ náà jù: ó ń pa ara mọ́ ilẹ̀ ní tòótọ́. Á máa mi ara sọ́tùn-ún sósì, ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó rí bí eyín ayùn á máa wa iyanrìn, títí á fi rì. Ojú àti ìwo nìkan ló máa ń kù síta. Òmíràn ò tiẹ̀ níwo rárá. Àwọ̀ iyanrìn ni àwọ̀ rẹ̀, kò sì gùn: sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60 ni ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ mọ̀ ọ́n débi pé àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ìró “f”.

Tí ẹ bá gbọ́ ìró bíi ti ayùn tó ń rẹ́ igi, ẹ dúró. Ejò náà ló ń fi ìpẹ́ ara rẹ̀ ra ara wọn. Ẹ wo ibi tó wà, kẹ́ ẹ rọra fà sẹ́yìn.

Òru ló ń ṣọdẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Agadez kọjá sí Líbíà, tẹ́ ẹ ń sùn sórí iyanrìn, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán ṣa igi ìdáná, ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Tó bá bu ẹnìkan ṣán, ojú ibẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè kọ̀ láti dì. Ẹ yára bọ́ òrùka àti aago ẹni náà, ẹ má jẹ́ kó rìn. Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ọsibítù tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, lọ́jọ́ náà gan-an.