Nígbà Tí Ẹ̀rọ Ọ́fíìsì Bá Ń Falẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Ìṣòro Wà

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ra kajú tàbí òrí, àmọ́ ó kan méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ọ̀dínátọ̀.

Gbogbo yín lẹ ti rí i rí. Ẹ dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ láti gba owó ọjà tí ẹ kó wá, akọ̀wé ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀rọ ń falẹ̀." Ẹ gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fẹ́ wo abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọmọ náà ti gbà, àmì kan ń yí po lójú ẹ̀rọ, kò dúró. Oòrùn ń mú, ọkọ̀ tó ń padà sí abúlé ti fẹ́ lọ. Ẹni tó bá lọ láìgba owó rẹ̀, kí ni yóò fi ra oúnjẹ lálẹ́? Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á ra á tán, ìfalẹ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé wọn ò wá ibi tí ìṣòro wà kí wọ́n tó náwó.

Ilé kan, ayálégbé púpọ̀

Ní ọ́fíìsì tí ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́wàá ti ń lo ìwé ìṣirò kan náà, ìwé náà kì í sí nínú ẹ̀rọ akọ̀wé kankan. Inú ẹ̀rọ ńlá kan ló wà, tí wọ́n ń pè ní sávà. Ẹ̀rọ tó wà níwájú akọ̀wé kàn ń béèrè ni, sávà ló ń dáhùn. Okùn tàbí Wi-Fi tó so wọ́n pọ̀ ni a ń pè ní rézò.

Láyé òde òní, wọn kì í ra sávà mẹ́rin fún iṣẹ́ mẹ́rin mọ́. Wọ́n á ra ẹyọ kan tó lágbára, wọ́n á fi ètò kan pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá. Yàrá kan ń tọ́jú ìwé owó, ìkejì ń tọ́jú fáìlì, ìkẹta ń bójú tó ìwé títẹ̀ àti orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Yàrá kọ̀ọ̀kan gbà pé òun nìkan ló ni ilé. Àmọ́ ẹ̀yin ẹ mọ agboolé tí ayálégbé mẹ́rin ti ń fa omi nínú kànga kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá ń mọ búlọ́ọ̀kù, korobá àwọn yòókù kì í tètè kún. Ẹni tó ń wo yàrá tirẹ̀ nìkan á ní, "Èmi ò lo omi púpọ̀, kí ló dé tí omi ò jáde?" Ìdáhùn wà ní yàrá kejì.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Dókítà kì í kọ oògùn kó tó béèrè ibi tó ń dunni. Ìbéèrè márùn-ún nìyí, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé.

Èkíní, ta ló ń bá ìfalẹ̀ náà pàdé? Bó bá jẹ́ ènìyàn kan, ẹ wo ẹ̀rọ ẹni náà tàbí okùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ gbogbo yàrá kan, ẹ wo àpótí tí okùn yàrá náà pàdé sí. Bó bá jẹ́ gbogbo ọ́fíìsì, ẹ wo sávà tàbí ojú ọ̀nà ńlá.

Èkejì, kí ló ń falẹ̀? Ṣé ìwé owó nìkan ni, àbí gbogbo nǹkan? Bí fáìlì mìíràn bá ń ṣí wàràwàrà lórí sávà kan náà, ọ̀nà ò bàjẹ́. Ìwé owó fúnra rẹ̀ la ó yẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta, ìgbà wo? Ìfalẹ̀ tó ń wá ní aago mẹ́wàá gbogbo àárọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Nǹkan kan wà tí wọ́n ṣètò sí aago mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹrin, láti ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀karùn-ún, kí ló yí padà lọ́sẹ̀ náà? Ṣé wọ́n fi òṣìṣẹ́ kún un ni? Ṣé wọ́n gbé tábìlì kúrò níbi tó wà? Ṣé wọ́n fi ètò tuntun sí i?

Ṣé inú òkun ni, àbí inú yàrá?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dààmú àwọn ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ní Gánà, ní Nàìjíríà, ní Burkina Faso àti láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ bá ti falẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní, "Òkun ni o."

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Bí sávà bá wà nínú yàrá kejì, ìbéèrè akọ̀wé kì í dé òkun rárá. Ó gba inú okùn ara ògiri, ó sì padà. Kódà bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú pátápátá, ìwé owó inú yàrá yẹ kó ṣí, àfi bí wọ́n bá ti so ó mọ́ nǹkan kan lókè òkun. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ojúlé ìjọba bíi service-public.bj lẹ fẹ́ ṣí, ìbéèrè yín gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní Parakou, ọ̀nà tó sì gùn ni. Nítorí náà, ẹ dán méjèèjì wò. Bí ti inú ilé bá yá tí ti ìta ń falẹ̀, ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín lẹ ó bá sọ̀rọ̀. Bí ti inú ilé bá ń falẹ̀, ẹ má dá òkun lẹ́bi.

Àlọ àti àbọ̀

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀. Rézò lè fẹ̀ bí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá, kí iṣẹ́ ṣì máa falẹ̀. Ẹ wo obìnrin tó fẹ́ ra èlò ọbẹ̀ lọ́jà Arzèkè. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀kan tó ra gbogbo rẹ̀, ó ti tó. Bó bá lọ ra iyọ̀, tó padà sílé, tó tún lọ ra ata, tó tún padà, ilẹ̀ á ṣú bá a, bó ti wù kí ọ̀nà fẹ̀ tó.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ètò ìṣirò kan ṣe ń ṣe. Kí wọ́n tó ṣí ojú ewé kan, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ sávà, wọ́n á sì padà nígbà 2,000. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000. Ìdá kan nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ ní ms. Lórí okùn inú ilé, àlọ-àbọ̀ kan lè gba ìdajì ms. Nígbà 2,000, ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní wọ́n wá gbé sávà lọ sí ìlú mìíràn, tí àlọ-àbọ̀ kan ń gba 40 ms, ìṣẹ́jú àáyá 80 nìyẹn fún ojú ewé kan náà! Rírà íntánẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ sí i kò ní yí i padà púpọ̀. Ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́ ni kí ètò ìṣirò àti ìwé rẹ̀ jọ wà nínú sávà kan náà, kí ó jẹ́ àwòrán ojú ẹ̀rọ nìkan ló ń wá sọ́dọ̀ akọ̀wé.

Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n rọrùn. Kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní ping kan ilẹ̀kùn sávà. Lórí okùn inú ilé, ìdáhùn kì í sábà ju 1 ms lọ. Bó bá ń fò láti 2 sí 200, tàbí tí àwọn kan ò padà, ọ̀nà ló ní àléébù. Kó tún fi orúkọ sávà pè é, lẹ́yìn náà kó fi nọ́ńbà rẹ̀ pè é. Bí nọ́ńbà bá yá tí orúkọ ń pẹ́, ẹni tó ń tọ́jú orúkọ ni kò dáhùn dáadáa.

Ẹ tún wo okùn. Okùn rézò ní wáyà mẹ́jọ nínú. Bí ọ̀kan bá já, àwọn ẹ̀rọ lè sọ̀kalẹ̀ láti 1,000 sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Fáìlì tó yẹ kó kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún á wá gba àádọ́ta. Ní ti Wi-Fi, ó dà bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ṣoṣo nínú ìpàdé: ẹnì kan ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ogún fóònù bá ń wo fídíò lórí rẹ̀, akọ̀wé owó á dúró. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú owó, ẹ fi okùn so ó.

Inú agboolé

Bí ọ̀nà bá mọ́, ẹ jẹ́ ká wọ inú sávà. Ẹ má wo yàrá ìwé owó nìkan; ẹ ní kí oníṣẹ́ fi gbogbo ilé hàn yín.

Ibi ìkópamọ́ la ó kọ́kọ́ wò. Dísìkì àtijọ́ tó ń yí po lè dáhùn nǹkan bí 100 ìbéèrè kéékèèké ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí kò ní ohun tó ń yí, tí wọ́n ń pè ní SSD, lè dáhùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá. Bí yàrá mẹ́rin bá ń fa omi nínú dísìkì àtijọ́ kan, ẹ ti mọ èrè rẹ̀. Ó burú jù nígbà tí ẹ̀dà ìpamọ́ ìwé àti ètò tó ń wá kòkòrò bá ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀sán. Ẹ sún wọn sí òru. Ẹ má pa wọ́n rẹ́ o, ẹ sún wọn ni.

Lẹ́yìn èyí, iyè ẹ̀rọ. Bó bá kún, sávà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sórí dísìkì, gbogbo ilé á sì dúró. Lẹ́yìn náà, àwòrán ìgbà-kan tí oníṣẹ́ yà kó tó ṣe àtúnṣe, tó sì gbàgbé láti pa rẹ́: bó ṣe ń dàgbà ni ìwé kíkà ń pẹ́ sí i. Ẹ béèrè bóyá ó wà níbẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ooru oṣù kẹta àti eruku ọyẹ́. Ẹ̀rọ tó bá gbóná jù máa ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má bàa jóná. Nígbà mìíràn, fífọ eruku ojú fáànù ni gbogbo oògùn náà. Bí kúrán bá lọ tó sì dé, gbogbo yàrá á jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa du kànga. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ti orúkọ ṣáájú, kí ti ìwé owó tẹ̀ lé e. Kí sávà sì ní ẹ̀rọ agbàkúrán-pamọ́, torí kúrán tó lọ lójijì lè ba ìwé owó jẹ́.

Ohun kan lẹ́ẹ̀kan

Ẹni tó lo oògùn mẹ́ta pọ̀ kò lè mọ èyí tó wò ó. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ojú ewé kan fi ń ṣí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún ohun kan ṣe. Ẹ tún kà á ní aago kan náà lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá yí padà, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà, kí ẹ tó gbìyànjú òmíràn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe mọ̀ bóyá owó tí wọ́n ní kí ẹ mú wá tọ́ sí i.

Apá tiwa náà wà níbẹ̀. Akọ̀wé tí ẹ̀rọ bá falẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ máa tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rọ lè kọ owó kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kó dúró, kó ṣí àkọsílẹ̀ ẹni náà wò bóyá ó ti wọlé, kó tó tún tẹ̀. Kí ìwé àfọwọ́kọ wà lórí tábìlì: orúkọ, iye kìlò, iye owó, àmì ọwọ́ ẹni méjèèjì. Bí ẹ̀rọ bá dúró, ìyá tó ti abúlé wá á lè gba owó rẹ̀ lọ, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́. Ní ilé ìwòsàn, káàdì àjẹsára ọmọ tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ máa mú un dání nígbà gbogbo. Káàdì ò nílò kúrán.

Ẹ jíròrò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín

1. Ní ọ́fíìsì tí ẹ ń lọ, ṣé ojoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń falẹ̀, àbí ọjọ́ ọjà nìkan? Kí nìyẹn sọ fún yín?

2. Bí akọ̀wé bá ní òkun ló fà á, ìbéèrè wo lẹ ó bi í?

3. Ta ló ń tọ́jú ìwé àfọwọ́kọ nínú ẹgbẹ́ yín? Ìgbà wo lẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?

4. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹgbẹ́ ra sávà tuntun, nọ́ńbà wo lẹ ó ní kó kọ́kọ́ fi hàn yín?

Ẹ kọ ìdáhùn yín, ẹ fi rán akọ̀wé ẹgbẹ́ sí wa. Ire o.