New Room: Ilé Àwọn Elétò ní Ìlú Bristol

Bí ẹ bá ń lọ sí Ìlú Ọba, tí ẹ sì jẹ́ ọmọ Ìjọ Elétò (Mẹ́tọ́díìsì), ẹ má jẹ́ kí Lọ́ńdọ̀nù gba gbogbo àsìkò yín. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paddington, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Bristol Temple Meads. Ìrìn bíi wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni. Láti ibẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Broadmead, níbi tí New Room wà, ní bíi ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì wá tiẹ̀ sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjà ìgbàlódé ni Broadmead, ilé ìtajà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bọ́ǹbù Jámánì ló wó púpọ̀ nínú àdúgbò náà ní 1940, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé tó wà níbẹ̀ kò fi jọ ti àtijọ́. New Room ò wó ní tirẹ̀. Bí ẹ bá ń sáré, ẹ lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá láìmọ̀, nítorí náà ẹ máa wo ère ọkùnrin kan tó gun ẹṣin nínú àgbàlá kékeré. John Wesley, olùdásílẹ̀ Ìjọ Elétò, nìyẹn. Ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé Mẹ́tọ́díìsì tó lọ́jọ́ lórí jù lọ lágbàáyé.

Ìparí oṣù Kẹta 1739 ni Wesley dé Bristol. George Whitefield ló ránṣẹ́ pè é, òun tó ti ń wàásù ní ìta gbangba fún àwọn awakùsà èédú ní Kingswood. Wesley kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, torí ó gbà pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìwàásù yẹ kó ti wáyé. Àmọ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ó dúró sí ìta, ó sì wàásù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀. Oṣù Kẹfà kò tíì jìnnà tí wọ́n fi ń jọ́sìn nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì kọ́ ọ tán. Ní 1748 wọ́n mú un tóbi sí i.

Gbèsè ilé náà wọ àwọn Elétò Bristol lọ́rùn. Ní oṣù Kejì 1742, wọ́n jókòó láti wá bí wọn yóò ṣe san án. Captain Foy, ọ̀kan nínú wọn, dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́ní kan lọ́sẹ̀. Ẹnì kan ní àwọn tálákà ò ní rí i san. Foy ní kí wọ́n kó mọ́kànlá tó tálákà jù fún òun, òun á máa lọ bá wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní, òun á san tirẹ̀ mọ́ tòun. Bí àwọn agbowó ṣe ń wọlé dé ilé, ojú wọn ń tó ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ta ló ń ṣàìsàn, ta ló ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Wesley rí i pé irú ìtọ́jú tí òun ti ń wá fún ìjọ nìyẹn. Bí kíláàsì, ẹgbẹ́ kékeré inú ìjọ tí olórí kan ń bójú tó, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o! Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án 1842, míṣọ́nnárì Elétò, Thomas Birch Freeman, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, àwọn Elétò sì dá kíláàsì sílẹ̀ láàrin tiwa náà. Gbogbo ẹni tó ti san owó kíláàsì rí ní ohun tó bá a tan nínú ilé yìí.

Ẹ wọlé, kí ẹ jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò. Àga ìwàásù onípele méjì ló wà níwájú: ìsàlẹ̀ fún kíkà, òkè fún ìwàásù. Bí ẹ bá gbójú sókè, ẹ ó rí òrùlé onígíláàsì olójú mẹ́jọ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.

Àga ìwàásù yẹn gan-an ni Wesley dúró sí ní oṣù Kẹta 1788, tó dojú kọ òwò ẹrú. Bristol nìyẹn, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ rẹ̀ fi òwò ẹrú di ọlọ́rọ̀! Wesley fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé bí òun ṣe dé àárín ìwàásù, ariwo kan dédé bẹ́ sílẹ̀, jìnnìjìnnì bo gbogbo èèyàn, wọ́n ń kọ lu ara wọn, àwọn bẹ́ǹṣì sì fọ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì ń bá ìwàásù rẹ̀ lọ. Ọmọ Áfíríkà tó bá jókòó síbẹ̀, ó yẹ kó rántí èyí.

Láti 1808 títí di 1929, ọwọ́ àwọn ará Wales ni ilé náà wà kí àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó rà á padà. Dùùrù tí John Snetzler ṣe ní 1761 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àtúnṣe 1930 ni wọ́n gbé e wọlé.

Ẹ má ṣe fo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá àwọn oníwàásù ló wà níbẹ̀, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, ẹ sì lè gba ojú gíláàsì wo inú ṣọ́ọ̀ṣì láti òkè. Bristol yìí náà ni ọ̀kan nínú àwọn oníwàásù Wesley, Francis Asbury, ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní 1771 pé òun á lọ sí Amẹ́ríkà.

Ọ̀fẹ́ ni wíwọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ máa sanwó fún. Ẹ wo àkókò tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí ẹ tó gbéra, pàápàá tó bá jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi lẹ fẹ́ lọ. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde sí Horsefair, níbi tí ère Charles, àbúrò Wesley, wà. Ilé tí Charles bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ gbé kò jìnnà síbẹ̀, ní Charles Street, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àwọn New Room bí ẹ bá fẹ́ wọ ibẹ̀.