Ìkìlọ̀, Ìpaṣẹ́tì àti Ìdáṣẹ́dúró: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìsọdọ̀kan Kóòdù Ìkìlọ̀ nínú Kókó Ètò Ìdarí Kọ̀ǹpútà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ó ṣe fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń gbé nígbà tí ó bá rí i pé nǹkan kan kò rí bí ó ti yẹ nínú òun fúnra rẹ̀. Bí olùkọ́ bá pe gbogbo rẹ̀ ní àṣìṣe, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í mọ èyí tí ẹ̀rọ lè rí tí yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ yàtọ̀ sí èyí tí yóò mú un dúró.

A ó lo kókó fún apá ètò ìdarí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ó ń pín ààyè ìrántí àti àsìkò ọpọlọ ẹ̀rọ fún àwọn ètò yòókù. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ sí ẹyọ ọ̀rọ̀ lè fẹ́ lo èkùrọ́, ṣùgbọ́n èkùrọ́ kò gbé ìtumọ̀ ‘ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an’ bí kókó ti gbé e. (Kí atẹ̀wé má ṣe gbàgbé àmì ohùn o! Ní Owena ní ilẹ̀ Ìdànrè, kòkó ni gbogbo ènìyàn yóò kọ́kọ́ kà.)

Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní 1991, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni kókó tí ó wà nínú fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó ní. Àgbẹ̀ tí ó rí èso kòkó kan tí ó dúdú tí ó sì ń rà yóò já a dànù, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí igi kan bá ti bàjẹ́ tán, yóò pa igi náà tì, yóò kọjú sí ìyókù. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jó bọ̀ láti oko kejì, gbogbo iṣẹ́ ni yóò dá dúró. Èkíní ni WARN, tí a pè ní ìkìlọ̀. Èkejì ni BUG, níbi tí kókó ti ń pa ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tì bí ó bá ṣeé ṣe. Ìpaṣẹ́tì ni a dábàá. Ẹ̀kẹta ni panic. A kò fara mọ́ ìpáyà fún un, nítorí pé ẹ̀rù kò ba ẹ̀rọ. Ńṣe ni ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí ó má baà ba ohun tí a fi pa mọ́ jẹ́. Ìdáṣẹ́dúró ni ó bá a mu.

Ìdàrúdàpọ̀ ọ̀rọ̀ kò mọ sọ́dọ̀ àwa ògbufọ̀ nìkan. Nínú Linux fúnra rẹ̀, ìgbà kan wà tí ìkìlọ̀ ń jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “Badness”. Nígbà tí ó yá, ó di “BUG: warning at”, tí ó pe ohun kan ṣoṣo ní orúkọ ìgbésẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni ó tó di “WARNING”. Ẹni tí ó bá ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní àárín kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ òun ṣì wà láàyè.

Ohun kan tí ó fa èyí ni àdàkọ. Oríṣi ọpọlọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí Linux ń bá ṣiṣẹ́ ní kóòdù ìkìlọ̀ àti ìpaṣẹ́tì tirẹ̀. Ní òpin ọdún 2006, Jeremy Fitzhardinge mú èyí tí a kọ fún PowerPC, ó sọ ọ́ di kóòdù àjùmọ̀lò, ó sì wọ inú ẹ̀dà 2.6.20 tí ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2007.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. A ó dẹ tàkúté sínú kóòdù: àṣẹ kan tí ọpọlọ ẹ̀rọ kò ní í gbà. Lórí x86, ud2 ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ bá kan àṣẹ yìí, yóò ké sí kókó. Kókó yóò wá ojúlé ibi tí tàkúté ti mú nínú àtẹ kan, níbi tí orúkọ fáìlì, nọ́ńbà ìlà àti àmì wà. Bí àmì bá sọ pé ìkìlọ̀ ni, kókó yóò tẹ ìròyìn jáde, yóò fo àṣẹ náà, iṣẹ́ yóò sì tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí àmì ìkìlọ̀, ìpaṣẹ́tì ni. Bí ojúlé náà kò bá sí nínú àtẹ rárá, a jẹ́ pé kì í ṣe àwa ni a dẹ tàkúté náà.

Ẹ kíyè sí i pé tàkúté kò di ọ̀kan: oríṣi ọpọlọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣì ń dẹ tirẹ̀. Àtẹ àti ìròyìn ni ó di ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi yan ìsọdọ̀kan dípò àkójọ, nítorí pé ohun tí a kó jọ lè ṣì jẹ́ mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ètò kan dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò. Linux ní ìlànà kan tí a ń pè ní panic_on_warn, tí alábòójútó ẹ̀rọ lè tan bí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ dúró ju kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú iyèméjì. “Ó ń sọ ìkìlọ̀ di ìdáṣẹ́dúró” ni a ó kọ. Ẹni tí ó fi àṣìṣe túmọ̀ méjèèjì yóò kọ pé “ó ń sọ àṣìṣe di àṣìṣe”, alábòójútó kò sì ní í mọ ohun tí òun fẹ́ tàn.