Ọkọ̀ Oníná ní Pápá Ọkọ̀ Òfurufú

Ọ̀RỌ̀ TITUN: bá-tì-rì, ṣáà-jì, yú-nì-tì, sọ́-kẹ́ẹ̀-tì.

Ọkọ̀ kan wà tí kì í mu epo bẹntiróòlù. Iná mànàmáná ni oúnjẹ rẹ̀. Inú bátìrì ńlá kan lábẹ́ ọkọ̀ ni iná náà ń gbé. Bí iná bá tán, ọkọ̀ dúró nìyẹn. Fífún bátìrì ní iná ni à ń pè ní ṣáàjì.

Irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní ilẹ̀ Nọ́rwèy. Ní ọdún 2024, nínú ọkọ̀ titun 10 tí wọ́n tà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 tí ó jẹ́ oníná. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ bàálù ní Gardermoen, lẹ́bàá ìlú Oslo, lè fi ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ kan ń gba yúnìtì 60. Yúnìtì 12 ló kù nínú rẹ̀. Olówó rẹ̀ fẹ́ kí ó di 48. Yúnìtì 36 ni yóò wọlé.
Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, bíi ti inú ilé: wákàtí 16 tàbí kí ó lé díẹ̀.
Ẹ̀rọ ara ògiri tí ń fúnni ní yúnìtì 7 ní wákàtí kan: wákàtí 5 lé díẹ̀.
Ẹ̀rọ ayára: ó lè má ju ìṣẹ́jú 40 lọ.

Ẹni tí ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ló ń lé e? Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tó o. Bí ó bá so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ayára, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, iná á ti tó kí bàálù tó gbéra, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ yóò dí ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ 7. Ẹlòmíràn lè sọ̀ kalẹ̀ lóru, nígbà yìnyín, kí ilé rẹ̀ jìnnà ní kìlómítà 200. Yóò rí ẹ̀rọ, kò ní lè lò ó. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra, bí olúkúlùkù bá mọ ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ RÁNTÍ:
1. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ béèrè bí àyè ṣáàjì bá wà. Owó ibi ìgbọ́kọ̀sí lè yàtọ̀ sí owó iná.
2. Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ nígbà tí iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òtútù ń dín agbára bátìrì kù.
3. Ẹ má jẹ́ kí ó kún dẹ́nu fún ọjọ́ púpọ̀. Bátìrì á tètè gbó. 48 nínú 60 tó.
4. Ẹ pa kámẹ́rà tí ń ṣọ́ ọkọ̀ bí ẹ kò bá nílò rẹ̀. Iná ni òun náà ń jẹ.

ÌBÉÈRÈ:
1. Kí ni oúnjẹ ọkọ̀ oníná?
2. Bí yúnìtì 2 bá ń wọlé ní wákàtí kan, mélòó ni yóò wọlé ní wákàtí 10?
3. Ta ni ẹ̀rọ ayára wúlò fún jù, ẹni tí ń lọ ni tàbí ẹni tí ń bọ̀? Kí ló dé?